Ẹ̀kọ́ Tó Bá Ipò Ààrẹ Mu

Bí ẹ bá gbé ní agbègbè Largo ní Maryland láàrin ọdún 1998 sí 2006, tí ẹ sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ kò lè sọ fún mi pé ẹ kò gbọ́ orúkọ Olóyè Gbọ́láhàn Ọlágúnjú rí. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, a jẹ́ pé ẹ kò ní tẹlifóònù nílé, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ìbá pè yín láti sọ ọ́ fún yín.

Ọkùnrin náà kò ga, ṣùgbọ́n bí ó ṣe máa ń gbé àyà rìn, àwọn tó ga ló ń yà fún un lọ́nà. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Suitland ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní àga kan níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kan, àti ògiri kéékèèké mẹ́ta tí kò kan àjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wò ó bóyá àwọn ènìyàn buwọ́ lu ìwé wọn síbi tó yẹ. Gabe ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò ju ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ, "Hey, Gabe" ló sì fi ń kí i láràárọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn o. Ọkùnrin tí wọ́n bá ń kí ní "Hey, Gabe" fún ọjọ́ márùn-ún, ohun tí yóò ṣe ní ọjọ́ méjì tó kù kò ní kéré.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí ó bá ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ báyìí, Gabe kú, Ààrẹ jí. Òun ni Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ṣe Ọmọ Yorùbá ti Largo àti Agbègbè Rẹ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tíṣà, àwọn awakọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì dá sílẹ̀ kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Seat Pleasant ni wọ́n ti ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé. Bí Ààrẹ bá wọlé, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dìde, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jókòó títí òun yóò fi jókòó. Ní ọjọ́ kan, ó gbàgbé láti jókòó. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀, tí Alàgbà Akínwùmí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, sì di ògiri mú kó má baà ṣubú. Nínú ìwé ìpàdé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ààrẹ sọ ọ̀rọ̀ tó mú gbogbo ilé dìde dúró.

Òfin ẹgbẹ́ wí pé ènìyàn kan kò gbọdọ̀ ju ìgbà méjì lọ lórí àga Ààrẹ, ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Oṣù kẹta ọdún 2006 ni ọdún mẹ́jọ rẹ̀ yóò pé. Ní ọdún yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ ìgbà kẹta ń jà ràn-ìn nílé ní Nàìjíríà, Ààrẹ wa sì wò ó pé àrùn tó ń ṣe ará ilé kò yẹ kó fo ọmọ tó wà lókè òkun. Ó fẹ́ ìgbà kẹta. Ó fẹ́ ẹ débi pé oorun kì í kùn ún mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: gbogbo àga tó wà láyé yìí, ọ̀kan ṣoṣo yẹn ni kò sí ẹni tó ń pè é ní Gabe lórí rẹ̀.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, mo ní láti sọ ti sinóbọ́ọ̀dù. Pátákó kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju pátákó ìlọṣọ lọ. Wọ́n á de ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, ènìyàn á wá máa fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ bọ̀ láti orí òkè yìnyín. Ní ọdún 2003, àwọn ará ibi iṣẹ́ Olóyè mú un lọ sí òkè kan ní Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú. Ó ṣubú títí ìdí rẹ̀ fi kú, ó tún dìde. Nígbà tí òtútù ọdún kejì yóò fi lọ, ó ti lè ti àárín òkè sọ̀ kalẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Bí ó bá mọ níwọ̀n níbẹ̀, èmi náà ìbá kí i kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ti ọdún 2005 jáde. Àwòrán Ààrẹ lórí sinóbọ́ọ̀dù ló wà ní oṣù kìíní, òun ló wà ní oṣù kejì, òun náà ló wà ní oṣù kẹjọ nígbà tí ooru ń pa àwa tí a gbé e kọ́ ògiri.

Ohun tó wá mú un kúrò nídìí sinóbọ́ọ̀dù nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ de pátákó yẹn mọ́sẹ̀, ó di dandan kó kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ nínú yìnyín. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, Olóyè jókòó sílẹ̀, ó ń bá okùn pátákó jìjàkadì, ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tí ṣòkòtò rẹ̀ ti wálẹ̀ kọjá ìdí bá yọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bu yìnyín sí i lójú, ó ní, "What's up, dude?" Dude! Olóyè gbé ojú sókè. Ó rí àwọn àgbà òyìnbó tí irun wọn ti funfun, ó jọ pé dókítà àti adájọ́ ni wọ́n, wọ́n ń lọ geere lórí sikí, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ènìyàn ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdúró ni wọ́n wà. Ẹnikẹ́ni kò jókòó sílẹ̀ nínú wọn. Èyí tó wá mú un lọ́kàn jù ni pé ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ọ̀pá tún wà lọ́wọ́ òsì. Ọ̀pá méjì! Olóyè wo ló wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n fún ní ọ̀pá méjì? Lójú ẹsẹ̀ ni Ààrẹ kọ sinóbọ́ọ̀dù sílẹ̀.

Ó pe ìpàdé pàjáwìrì ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: yíyan ẹ̀kọ́ sikí tó bá ipò Ààrẹ mu. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi wákàtí mẹ́ta jíròrò rẹ̀.

Modúpẹ́ Tẹjúmọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ jábọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì máa ń parí iṣẹ́ kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ tó dákẹ́.

"Mr. President, mo pe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ sikí lórí òkè yẹn, bí ẹ ṣe ní kí n pè," ó ní. "Obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna ló dá mi lóhùn, ó wà lára àwọn tó ń kọ́ èèyàn. Mo sọ fún un pé ẹ ti mọ snowboard. Ó ní ó dáa, pé ẹ̀rù yìnyín ò ní bà yín. Àmọ́ ó ní sikí yàtọ̀, sà. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á wà lórí tiẹ̀, iwájú lẹ ó sì kọjú sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ó ní àgbàlagbà yòówù tó bá ti ibi snowboard wá, kó kọ́kọ́ lọ sí kíláàsì first-timer. Half day péré ni. Ó ní irú wọn tiẹ̀ máa ń tètè kúrò níbẹ̀."



"First-timer," ni Ààrẹ wí, bí ẹni tó ṣèèṣì gé orógbó jẹ. "Ta ló wà nínú kíláàsì ọ̀hún?"

"Èmi wà níbẹ̀, sà. Abibat náà ti forúkọ sílẹ̀."

Abibat ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni, yàrá kan ló rẹ́ǹtì nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Largo. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹni tuntun gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn fún ọdún kan gbáko láìsọ̀rọ̀. Ó jókòó sẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀.

"Abibat!" Ààrẹ na ìka sí i. "Èmi àti Abibat ká jọ tò lórí ìlà kan! Tí Abibat bá wá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ńkọ́? Kó máa wá dúró dè mí nísàlẹ̀? Níbo lẹ ti rí i kí àgbà tò sẹ́yìn ẹni tó dé lánàá?"

"Private lesson wà, sà," ni Modúpẹ́ wí. "Olùkọ́ kan, ẹ̀yin kan. Kò ní sẹ́ni tó máa rí yín."

Èyí tiẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Kò ní sẹ́ni tó máa rí mi? Akọ̀wé, kí ni àǹfààní ohun tí Ààrẹ ń ṣe tí ẹnikẹ́ni ò rí?"

Ibẹ̀ ni Oyèwálé ti dìde. Oyèwálé ni alukoro ẹgbẹ́, mọ́tò àlòkù ló ń tà, ọ̀nà tó sì ń gbà ta mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnnì náà ló ń gbà yin Ààrẹ. Ó tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, bẹ́ẹ̀ òtútù ló wà níta.

"Ààrẹ àwọn ààrẹ!" ó ké. "Erin tí ń tẹ yìnyín tí yìnyín ń bẹ̀bẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n ka ìwé wọn fún yín. Kíláàsì mẹ́rin ló wà. First-timer. Àwọn tó lè yà tí wọ́n sì lè dúró. Àwọn tó ń ti àárín òkè bọ̀. Ìkẹrin, àwọn ọ̀gá, àwọn tó ń ti ṣóńṣó òkè bọ̀. Mo bi yín, níbo ni ààrẹ máa ń wà? Ṣé ìsàlẹ̀ ni? Ṣé ẹ ti rí Bíṣọ́ọ̀bù tó ń bá àwọn ọmọ Sunday school tò rí?"

"Rárá o!" ni gbogbo ilé wí. Ebi ti ń pa wọ́n.

"Àmọ́ ìwé yìí ń béèrè iye ọdún tí èèyàn ti fi ṣe é," Modúpẹ́ ní. "Ààrẹ ò tíì wọ sikí rí."

Oyèwálé rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú òpè. "Ọdún méjì lórí snowboard, àbí? Ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti fi darí gbogbo wa ńkọ́, ṣé ìyẹn kì í ṣe experience ni? Ẹ rò ó pọ̀. Ọdún mẹ́wàá!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ààrẹ di ojú, ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ fẹ́ kó kọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n tí òtítọ́ ti borí. Modúpẹ́ gbé bírò sókè.

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi, inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Àgbàlagbà ogójì ló wà nínú yàrá yẹn. Àwọn tó ń fún aláìsàn lóògùn wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé méjì àti mẹ́jọ yẹn kò ṣe é rò pọ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ sí i. Nítorí náà, bí mo bá ń fi Olóyè ṣẹ̀sín, ẹ má rò pé òun nìkan ni mo ń bá wí.

Ọjọ́ ogún oṣù kejì ni wọ́n mú. Ìsinmi ni fún gbogbo Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn ààrẹ wọn, ṣùgbọ́n Oyèwálé ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ pé ìjọba fúnra wọn ló mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ètò náà lọ báyìí: ẹgbẹ́ yóò wọ bọ́ọ̀sì láti Largo lọ sí òkè náà. Ní aago kan ọ̀sán, Ààrẹ yóò ti ṣóńṣó òkè sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo wọn pẹ̀lú ọ̀pá méjì lọ́wọ́. Bí ó bá ti gúnlẹ̀, kí inú ènìyàn tó rọ̀, kí wọ́n na ọwọ́ sókè fún ìgbà kẹta.

Nílé, ìyàwó rẹ̀, Olúfọlákẹ́, bá a sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Dádì Tolú, ẹ lọ sí ti first-timer. Wákàtí mẹ́ta ni. Tẹ́ ẹ bá ṣubú níbẹ̀, gbogbo wọn náà ló ń ṣubú."

Ó dá a lóhùn fún ogún ìṣẹ́jú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé orí ara rẹ̀, obìnrin náà ti sùn.

Ọjọ́ pé. Oòrùn ràn sórí yìnyín, gbogbo òkè funfun báláú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí Olúfọlákẹ́ náà wà lára wọn, to àga sílẹ̀ nísàlẹ̀, nítòsí yàrá kékeré tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Wọ́n ta aṣọ gígùn kan tí wọ́n kọ "ÌGBÀ KẸTA LÓ DÙN JÙ" sí. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà nínú kúlà ńlá méjì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i kí Ààrẹ tó dé. Modúpẹ́ àti Abibat ti lọ sí òkè kékeré tàwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn lọ kọ́ díẹ̀ kí aago kan tó lù.

Ààrẹ wọ bàtà sikí. Bàtà náà le bí igi, kì í tẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ro orúnkún rẹ̀. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sórí jákẹ́ẹ̀tì, ó sì dé fìlà oyè rẹ̀ pupa. Anna gan-an ni olùkọ́ kíláàsì àwọn ọ̀gá. Obìnrin náà wo ìwé, ó wo ìlẹ̀kẹ̀, ó tún wo ìwé.

"Ten years?" ó bi í.

"Ten years," ni Ààrẹ wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n jókòó sórí àga onírin tó ń fi okùn gbé ènìyàn gòkè. Ibi yẹn dára púpọ̀, nítorí ìjókòó ni, Ààrẹ sì mọ ìjókòó. Ó ń juwọ́ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n náà juwọ́ padà. Ṣùgbọ́n bí àga bá ti dé òkè, ènìyàn ní láti dìde, kó sì yọ̀ kúrò níwájú rẹ̀ kó tó yí padà. Ẹni tó wà lórí sinóbọ́ọ̀dù máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ṣe é. Ọlágúnjú dìde, ó fi ẹ̀gbẹ́ ṣe é. Sikí ọ̀tún kọrí sí Pennsylvania, ti òsì kọrí sí Maryland. Ó wó lulẹ̀ gbì, àga tó ń bọ̀ lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lórí, wọ́n bá dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló wà lókè lórí okùn tí wọ́n ń dúró dè é kó dìde. Ẹ sì mọ̀ pé ó ti mọ́ ọn lára kí ènìyàn máa dúró dè é.

Anna fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò pariwo mọ́ ọn rárá.

"Sir, o ò tíì ṣe èyí rí, àbí?" ni ìtumọ̀ ohun tó wí. Ó ní kò sí wàhálà, ọ̀nà kan wà lápá òsì tó rọra yí òkè po, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè gbà á. Ó ní òun á bá a rìn títí dé ìsàlẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ni. Kó sáà máa fi orí sikí méjèèjì kọjú síra, kó la gìgísẹ̀ sẹ́yìn, kó sì tẹ eékún díẹ̀. Ó ṣe é fún un kó rí i.

Olóyè wò ó. Lójú tirẹ̀, bí ọmọdé tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ṣe máa ń dúró nìyẹn.

"Madam," ó ní, "I am a President. I cannot stand like that."

Ẹ rí i bí orí ṣe ń la ọ̀nà fún ènìyàn tí ènìyàn ń kọ̀ ọ́. Ogún ìṣẹ́jú péré, kó tẹ eékún, á dé ìsàlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ọ̀pá á wà lọ́wọ́, aago kan kò ní tíì lù, ta ló máa mọ̀? Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò mọ sikí yàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà kẹta wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yí padà, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ibi tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe lórí pátákó, ó sì ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Sikí kan gun orí èkejì. Ó fi ìdí yọ̀ lọ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì lọ́.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ethan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó àwọn tó fara pa lórí òkè, fa ọkọ̀ yìnyín gbọọrọ kan wá. Ó tẹ́ Olóyè sínú rẹ̀ gbalaja, ó fi bẹ̀líìtì mẹ́ta de é, ó sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé imú nítorí afẹ́fẹ́. Ó rí fìlà pupa nílẹ̀, ó gbọn yìnyín orí rẹ̀ dànù, ó sì gbé e lé Olóyè láyà. Ó ní kó má mira o.

Nísàlẹ̀, Oyèwálé ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń júwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún ẹgbẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ti yọ lókè ni Ààrẹ lójú rẹ̀. "Òun nìyẹn! Ẹ wo bó ṣe ń yà! Ọ̀gá ni!" Obìnrin òyìnbó kan tó wọ aṣọ pupa ló ń kì bẹ́ẹ̀ títí tí onítọ̀hún fi kọjá lára wọn tó sì kí wọn.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ yìnyín yọ. Wọ́n rí ènìyàn tó nà gbalaja, tí wọ́n dè, tí wọ́n fi aṣọ bò. Wọ́n rí fìlà pupa láyà rẹ̀. Ethan dá ọkọ̀ náà dúró níwájú yàrá ìtọ́jú, ó na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má sún mọ́ ọn, ó sì wọlé lọ wá ẹni tí yóò bá a gbé e.

"Yéè! Ààrẹ ti lọ!" ni ẹnìkan ké.

Igbe ta. Ọlágúnjú gbọ́ ọ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí Oyèwálé tún gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó sì tún ọ̀fun ṣe, ó bá rántí pé kò sí ẹ̀dá tó máa ń ní àǹfààní láti gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ lórí òkú rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó di ojú dáadáa.

"Ẹ̀yin ènìyàn wa," ni Oyèwálé bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Erin wó. Àjànàkú sùn bí òkè. Akọni tó wá ibi gíga lọ."

Olóyè rò ó nínú ara rẹ̀ pé ó ń lọ dáadáa.

"Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ẹ̀yin ará," ni Oyèwálé tẹ̀ síwájú, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n mọ́. "Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Mo sọ fún un! Mo ní, Ààrẹ, ẹ lọ sí first-timer, ẹ lọ sí first-timer. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń gba ọkùnrin yìí nímọ̀ràn tí kò gbọ́. Ta ni ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù? Ta ló fẹ́ràn kàlẹ́ńdà yẹn? Kálukú ẹ sọ òótọ́! Ó dáa, quorum wà, àga Ààrẹ ò sì gbọdọ̀ ṣófo. Tí ẹ bá ní kí èmi gbé ẹrù yìí..."

"Oyèwálé, jókòó!" Alàgbà Akínwùmí ló dìde, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. "Ìwọ lo ro ọdún mẹ́wàá pọ̀ fún un. Tó bá jẹ́ pé a fẹ́ yan ẹnìkan, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún ni ká yàn. Mo mú Modúpẹ́ Tẹjúmọ́lá wá."

"Mo kín in lẹ́yìn!" Bí ẹnu méje ló wí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọwọ́ lọ sókè. Ẹ má dá wọn lẹ́jọ́ jù. Omi wà lójú àwọn kan lóòótọ́, ọwọ́ wọn sì wà lókè. Ọlágúnjú la ojú lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó rọra yí orí, ó sì ń ka ọwọ́ náà. Láti ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń dìbò fún un, ariwo "a gbà" ni wọ́n máa ń pa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni ka ọwọ́ nínú ẹgbẹ́ yẹn. Mọ́kàndínlógójì. Ọ̀kan nínú wọn wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ ewé.

"Mi ò tíì kú o!" ó ké.

Ẹ ò bá rí eré. Àga dojú dé, aṣọ ÌGBÀ KẸTA já lulẹ̀, obìnrin kan ń pe orúkọ Jésù. Oyèwálé ló kọ́kọ́ bọ́ sípò: "Ààrẹ wa jí! Ẹ̀mí èṣù ò lágbára! Ṣé mo ò sọ fún yín?"

"Ẹ dìbò lórí òkú mi!" Ọlágúnjú ń jà pẹ̀lú bẹ̀líìtì. "Ìbò òfo ni! Ẹ dìbò pé mo ti kú!"

"Rárá o, Olóyè," ni Alàgbà Akínwùmí wí. Ó ti jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé kó jókòó. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ kú ewu. Àmọ́ a ò dìbò pé ẹ ti kú. A dìbò pé Modúpẹ́ ni. Bí ó bá wu ẹnikẹ́ni ká dá a padà, kó nawọ́ sókè."

Wọ́n dúró. Kò sí ọwọ́ kan lókè. Ti Oyèwálé gòkè díẹ̀, ó wò yíká, ó sì fi ọwọ́ náà họ etí.

Ibẹ̀ ni Modúpẹ́ àti Abibat dé. Wọ́n kọjú orí sikí síra, wọ́n tẹ eékún, wọ́n ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, yìnyín bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n dúró láìgbá ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ fún Modúpẹ́ pé ó ti di Ààrẹ, àfi bíi pé kò gbọ́. Ó bọ́ sikí, ó sì kúnlẹ̀ ti ọkọ̀ yìnyín.

"Ẹ kú ewu, sà. Orúnkún wo ni? Ṣé ẹ lè tẹ̀ ẹ́?"

Wọ́n gbé Olóyè sínú yàrá ìtọ́jú. Ethan fi omi dídì sí orúnkún rẹ̀, ó ní kò ṣẹ́, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ó jáde. Níta, wọ́n ti ṣí kúlà ìrẹsì, ariwo ṣíbí àti ẹ̀rín ń wọlé láti ojú fèrèsé. Olúfọlákẹ́ jókòó tì í, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e lé itan. Aláwọ̀ ewé ni.

Olóyè wo ìbọ̀wọ́ náà títí.

"Mo rí ọwọ́ rẹ," ó ní níkẹyìn. "Mi ò bínú. Ìbànújẹ́ ló dà ọ́ láàmú. O rò pé o ti di opó."

"Ìbànújẹ́ kankan ò dà mí láàmú, Dádì Tolú." Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀. "Bí Oyèwálé ṣe ń sọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà, mo rí i tí bàtà yín ń gbá inú ọkọ̀ yẹn gbàgbà. Mo mọ̀ pé ẹ wà láàyè."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi sáré gbé ọwọ́ sókè nìyẹn, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀." Ó ká ìbọ̀wọ́ náà pọ̀. "Ọdún mẹ́jọ, Dádì Tolú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa wà nílé ní Sátidé."

Olóyè Gbọ́láhàn Ọlágúnjú mú fìlà pupa rẹ̀, ó sì gbé e lé orí ìbọ̀wọ́ náà ní itan ìyàwó rẹ̀.